Ẹnu Tíṣà Ni Sẹnami Ń Kà

Ẹ bá mi pa fóònù yẹn lẹ́nu mọ́ ná. Láti àárọ̀ ló ti ń kọrin "ei, bii, sii" fún ọmọ yìí, ọmọ náà sì ń dá a lóhùn bí ẹni pé èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Mi ò ní ó burú. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ti mọ lẹ́tà, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ mo jókòó síbí, mo ń wò ó, mo rí i pé ohùn ni fóònù ní, kò ní ẹnu. Nígbà tiwa, ẹnu tíṣà lọmọ ń wò kó tó mọ ìyàtọ̀ e àti ẹ. Ọmọ kan sì wà tó jẹ́ pé bí kò bá rí ẹnu yẹn, kò sí ohun tó kù fún un. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó ń dùn mí títí dòní wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ìbà yìí lẹ́nu àìpẹ́, ilé lẹ bá. Nígbà tí mo kó wá láti Ìfọ̀, láyé ológun, pápá ló pọ̀ jù. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀, láti etí ọ̀sà ní Ọ̀jọ́ títí dé Òkókómáíkò, ẹsẹ̀ èèyàn kì í mọ́ nínú rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń mọ́, fèrè àwọn sójà ní bárékè la ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn rẹ̀ àkùkọ, lẹ́yìn rẹ̀ ìpè ìrun, lẹ́yìn rẹ̀ agogo ìjọ aláṣọ funfun. Tí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá láti apá Alábà Rago níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran, igbe àgbò ni. Ẹni tó bá ní aago ọwọ́ láàárín wa, fáàrí ló fi ń ṣe, ohùn ìlú ti sọ ohun tí aago lù.

Ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́mọ wà láàárín Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ògiri tó wà láàárín kíláàsì kan àti èkejì kò kan páànù, nítorí náà tí àwọn ọmọ kíláàsì kejì bá ń ké tébù, tọmọdé tàgbà ló ń gbọ́. Ọmọ sójà wà níbẹ̀, ọmọ àwọn ará Ògùn tó ń tajà ní Alábà, ọmọ awakọ̀, ọmọ káfíńtà, ọmọ àwọn Ègùn apẹja láti etí ọ̀sà. Bẹ́ǹṣì kò kárí. Tí òjò kò bá rọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní máa ń jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ́ iyanrìn pẹrẹsẹ níwájú wọn. Iyanrìn yẹn ni ìwé, ìka ni báírò. Tí ọmọ bá ṣì í kọ, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí kì í tán nìyẹn. Ẹ lọ ra irú rẹ̀ fún mi lónìí.

Kíláàsì kẹfà ni mo ń kọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì ń yangàn lórí rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tíṣà tó ń kọ́ kíláàsì kìíní lọ bímọ. Ọ̀gá àgbà wa, obìnrin kan tí kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pè mí sí ọ́fíìsì.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa bá wa mú kíláàsì kìíní."

Mo ní, "Èmi, mà? Àwọn tó ṣì ń tọ̀ sára?"

Ó ní, "Àwọn náà ló máa di kíláàsì kẹfà yín. Ẹ lọ mú ṣọ́ọ̀kì."

Inú bí mi. Mo rò pé wọ́n fi mí wọ́lẹ̀ ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, mo mọ òwe náà, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ èmi ni wọ́n máa fi àdá lé lọ́wọ́. Ìyálọ́mọ náà kò padà wá mọ́, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Bí kíláàsì kìíní ṣe di tèmi nìyẹn.

Fáwẹ̀lì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Méje ni: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ọmọ tí kò bá mọ ohùn wọn kò lè ka "bàbá," kò lè ka "ilé." Mo wá ronú pé ọmọ ti gbọ́ ohùn wọ̀nyí níbì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ibẹ̀ ni kí n ti mú un. A, kí wọ́n la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ gbé òkèlè ńlá sí i. Ẹ, àgbò Alábà Rago ló ń pè é, mẹ̀ẹ̀ẹ̀. I, kí wọ́n fi eyín hàn. O, bí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe ń pe ara wọn láti òkèèrè. Ọ, bí ìyá ṣe ń ṣe sí ọmọ tó fẹsẹ̀ kọ, ọ̀ọ̀ọ̀. U, fèrè sójà. E ló máa ń dààmú wọn, nítorí kò sí ẹranko kan tó ń ké e.

Tí a bá dé orí ẹ àti ọ, mo máa ń pín wóró àgbàdo fún wọn kí wọ́n fi sí abẹ́ lẹ́tà. Lọ́jọ́ kan mo kọ "ọkọ̀" sórí iyanrìn fún ọmọ sójà kan, mo fi wóró méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo yíjú sí ọmọ mìíràn. Nígbà tí mo padà dé, mo ní kó kà á. Ó ní, "Oko." Mo wolẹ̀, mi ò rí wóró kankan. Ẹnu ọmọ ń mì.

"Àgbàdo dà?"

"Ebi ń pa mí, sà."

Bí ọkọ̀ ṣe di oko nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, òkúta wẹ́wẹ́ ni mo ń pín.

Àwọn òbí náà ní tiwọn. Bàbá kan, mẹkáníìkì ní Òkókómáíkò, wá bá mi pẹ̀lú epo lọ́wọ́. Ó ní, "Tíṣà, ní nọ́sìrì tí ọmọ mi ti wá, márùn-ún ni wọ́n kọ́ ọ, ei, ii, ai, ou, yuu. Ẹ̀yin sọ ọ́ di méje. Ṣé ẹ fẹ́ da ọmọ náà lórí rú ni?" Mo ní, "Bàbá, tí sípánà bá bó yín lọ́wọ́, kí ló máa jáde?" Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀." Mo ní, "Tí ẹ bá ka ẹ̀fà tán, kí ló kàn?" Ó ní, "Èje." Mo ní, "Ẹ fi e kan ṣoṣo kọ méjèèjì kí n rí i." Ó dúró, ó pe ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, gbogbo epo ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi.

Tàbí ti àgbò kan tó já lọ́wọ́ àwọn tó ń fà á bọ̀ láti Alábà Rago nígbà tí Iléyá kù díẹ̀. Ó sáré wọ kíláàsì, ó fi ìwo gbé àga mi ṣubú. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ ń pariwo? "Tíṣà, ẹ ti wọlé! Tíṣà, ẹ ti wọlé!" Lẹ́tà ẹ tí àgbò ń ké ni wọ́n ń pè. Àwọn tíṣà yòókù rò pé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣe hàà, ọmọ kì í sáà kí olùkọ́ rẹ̀ báyìí.

Ó dáa. Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni. Ọ̀rọ̀ Sẹnami kì í ṣe ẹ̀rín.

Ọmọ Ègùn ni. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja létí ọ̀sà, bàbá rẹ̀ ti kú. Ó dàgbà ju àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ, nítorí ọdún rẹ̀ kejì nìyẹn ní kíláàsì kìíní. Nígbà mìíràn tí mo bá bi í ní nǹkan, á dáhùn kíákíá. Nígbà mìíràn, bí òkúta. Mo ti fi orúkọ sí i lọ́kàn mi, mo ní olóríkunkun ni. Lọ́jọ́ kan mo kọjú sí bọ́ọ̀dù, mo ń kọ nǹkan síbẹ̀, mo sì ń pe fáwẹ̀lì kí wọ́n máa kọ ọ́ sórí síléètì. Nígbà tí mo yí padà, gbogbo wọn ti kọ ọ́, síléètì Sẹnami ṣófo.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Mo gbé pàṣán, mo nà án ní mẹ́ta lọ́wọ́. Kò sunkún. Ẹnu mi ló tẹjú mọ́, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ìyẹn tún bí mi nínú, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi ẹyọ kan kún un.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, tí iṣẹ́ mi ni kí n mọ̀, mi ò mọ̀.

Nígbà tí táàmù àkọ́kọ́ parí, ọ̀gá wa ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Òfin wà pé ọmọ tí kò bá yege ní kíláàsì kìíní lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn òbí rẹ̀ wá mú un lọ. Obìnrin náà wọlé, òórùn èéfín bá a wọlé, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ṣàánú mi. Ẹ má lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní Bàdágírì ti ní tí ìwé kò bá ṣeé ṣe, kí n mú un wá kó wá máa bá òun yan ẹja. Èmi náà kò tó ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi sídìí iná. Ẹ wo ojú mi." Ó fi ìka kan ojú rẹ̀ tí èéfín ti sọ di pupa, tí omi ń dà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá wa yíjú sí mi. Mo ní, "Ọmọ náà kì í fẹ́ ṣe nǹkan, mà." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọ̀gá wa ní, "Ìyá Sẹnami, ẹ dìde. Ínsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ ní táàmù kẹta. Bí ó bá mọ fáwẹ̀lì rẹ̀ lójú wọn, á gòkè. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀ mọ́."

Táàmù kejì wọlé pẹ̀lú ọyẹ́. Ẹ̀yin ò mọ ọyẹ́ ìgbà yẹn, ètè á là, eruku á bo ewé, ọ̀fun èèyàn á gbẹ bí igbá. Mo jí lọ́jọ́ Ajé kan, ohùn mi ti há pátápátá. Kò sí tíṣà mìíràn tó lè gbà á fún mi, mo sì lọ. Mo dúró níwájú àwọn ọmọ, mo la ẹnu, mo ṣe a. Ohùn kò jáde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n sọ ohun tí mò ń pè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀wé jù lọ ń wo ara wọn.

Sẹnami dìde. Ó ní, "A."

Mo fẹ eyín, mo ṣe i. Ó ní, "I." Mo ká ètè jọ. Ó ní, "U." Mo wá ṣe èyí tó le, mo ṣe e, mo sì tún sọ àgbọ̀n kalẹ̀ díẹ̀, mo ṣe ẹ. Ó ní, "E." Ó ní, "Ẹ." Kò ṣi ẹyọ kan. Méjèèje ló pè, tí ohùn kankan kò jáde lẹ́nu mi. Mo jókòó sórí àga mi.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ gbà! Gbogbo àwọn tó wà nítòsí yí orí padà. Òun kò yí i padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo lọ sí etí ọ̀sà. Ìyá rẹ̀ ń to ẹja sórí irin tí wọ́n fi ń yan án, ẹ̀rù bà á nígbà tó rí mi. Mo fi ohùn tó há yẹn bi í bóyá etí ọmọ ń dùn ún. Ó ní nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ara rẹ̀ gbóná fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà etí rẹ̀ méjèèjì ń ṣe ọyún, ó ń gbẹ, ó ń padà. "Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ tèmi, tíṣà. Tí mo bá rán an níṣẹ́, ó ń lọ."

Mo ní, "Ṣé tí ẹ bá kẹ́yìn sí i náà?"

Ó ní, "Ìdí iná la jọ ń jókòó sí. Iwájú mi ló máa ń wà."

Mo pe Sẹnami. Mo lóṣòó kí ojú mi lè bá tirẹ̀ dọ́gba, mo ní, "Má bínú. Mo nà ọ́ láìtọ́." Ó wo ẹnu mi dé ìparí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó ti tán, sà." Ọmọdé yára dárí jini. Èmi ni kò tíì tán nínú mi.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ọyún náà gbẹ, ṣùgbọ́n dókítà ní ohun tó ti lọ nínú ìgbọ́ràn rẹ̀ kò lè padà tán. Nítorí náà èmi ni mo ní láti yí padà. Mi ò bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé Sẹnami wá síwájú, mo ń kọ̀wé, mo ń dákẹ́, mo ń yíjú padà kí n tó sọ̀rọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn baba wa ti sọ ọ́, èmi ni mo ń fi ẹ̀yìn sọ tèmi. Nígbà tí a dé orí àwọn tí a ń fi imú pè, an, ẹn, in, ọn, un, ojú kò tó mọ́, nítorí a àti an, ẹnu kan náà ni. Mo gbé ìka rẹ̀ lé egungun imú mi. Mo pe a. Mo pe an. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ó ń gbọ̀n, sà!" Ní ti àmì ohùn, ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é, ó lọ sílẹ̀ fún dò, ó dúró láàárín fún re, ó gòkè fún mí. Kò pẹ́, gbogbo kíláàsì ti ń fi ìka kan imú ara wọn, wọ́n ń ju ọwọ́ sókè sódò. Ẹni tó bá kọjá lọ á rò pé ijó là ń kọ́. Wọ́n mọ fáwẹ̀lì lọ́dún náà ju bí mo ti rò lọ.

Ínsípẹ́kítọ̀ dé. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ gún régé, tùbọ̀mu rẹ̀ nípọn bí búrọ́ọ̀ṣì, ó bo ètè òkè mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú rẹ́jísítà. Àwọn ọmọ mú síléètì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri láti ẹ̀yìn kíláàsì, ó ń pe fáwẹ̀lì bó ti ń lọ. Mo rí Sẹnami tó ń yí ọrùn, tó ń wá a. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Abẹ́ dàńṣíkí mi ti tutù.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ dákun ẹ wá dúró níwájú."

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

Mo ní, "Rárá o, sà. Ọmọ kan wà níbí tí kì í gbọ́ràn dáadáa. Ẹnu ló ń kà. Èmi náà kò mọ̀, mo nà án nítorí ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún fìyà jẹ ẹ́ lórí ohun kan náà."

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá wa gbọ́ pé mo nà án. Ojú tó fi wò mí, mo ṣì ń rí i. Ínsípẹ́kítọ̀ rìn wá síwájú, ó dúró ní iwájú Sẹnami gan-an, ó ní, "Ó yá. Ọ."

Sẹnami wò ó, ó wò ó, ó gbé ọwọ́ sókè. "Sà, mi ò rí ẹnu yín. Irun wà lójú ọ̀nà."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan ètè rẹ̀ bí ẹni pé òun náà gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì dákẹ́ tébù. Ó fi ìka méjì ká tùbọ̀mu náà sókè, ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó sì pe gbogbo fáwẹ̀lì níkọ̀ọ̀kan. Sẹnami kọ ọ́. Méjèèje ló gbà. Nínú àwọn tí a ń fi imú pè, ó ṣi ẹyọ kan. Ọkùnrin náà ní òun mọ àgbàlagbà tó máa ṣi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fa igi sí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà pé ó yege.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kàwé. Ó ka sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìjànìkin, ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ pẹ̀lú ọmọọṣẹ́, àwọn oníbàárà ti mọ̀ pé kí àwọn dúró sí iwájú rẹ̀ kí wọ́n tó sọ irú ọrùn aṣọ tí wọ́n fẹ́. Kò lọ sídìí iná ní Bàdágírì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo máa ń rántí jù ni ọjọ́ tí ọdún ilé-ìwé yẹn parí, tí àwọn òbí wá fọwọ́ sí káàdì èsì ìdánwò ọmọ wọn.

Ìyá Sẹnami wọlé ní ọ̀sán. Bó ti máa ń ṣe, ọ̀gá wa ti páàdì yíǹkì sí i kó tẹ àtàǹpàkò. Obìnrin náà rọra tì í padà. Ó ní, "Ẹ fún mi ní báírò."

A wo ara wa. Ó jókòó, ó di báírò mú bí ẹni tó di ọ̀bẹ ẹja mú. Sẹnami ti ń kọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́, àwa kò mọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí ẹja bá ti wà lórí iná, ọmọ á jókòó sí iwájú ìyá, á di àgbọ̀n rẹ̀ mú, á ní kó la ẹnu, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ kọ ọ́ sórí iyanrìn. Orúkọ ìyá náà ni Ana. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, òógùn dúró sí iwájú orí rẹ̀, a sì dúró dè é, ọ̀gá wa pẹ̀lú, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ó kọ ọ́ tán. Èdè Ègùn ni òun àti ọmọ rẹ̀ máa ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ló sọ lọ́jọ́ náà, bóyá ó fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Ó fi ìka sí abẹ́ orúkọ náà, ó yíjú sí Sẹnami, ó ní, "Ṣé èmi nìyí?"

Ọmọ náà wo ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo káàdì.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni."